Susanne Wenger (Àdùnní Olórìṣà)

Susanne Wenger (ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1915 – ọjọ́ 12 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009), tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, jẹ́ ayàwòrán, aláró àti oníṣẹ́ ère ọmọ ilẹ̀ Austria. Ó lo nǹkan bí ọgọ́ta ọdún ní ilẹ̀ Yorùbá, ìlú Òṣogbo ni ó sì gbé pẹ́ jù lọ. Iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di ẹni mímọ̀ jákèjádò ayé ni èyí tí òun àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Òṣogbo jọ ṣe nínú Igbó Ọ̀ṣun. Nípasẹ̀ ère, ògiri àti ojúbọ tí wọ́n mọ síbẹ̀, igbó tí àáké àti oko ti ń jẹ run bọ́ lọ́wọ́ ìparun. Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO kọ orúkọ igbó náà sínú ìwé àwọn Ogún Àgbáyé.

A máa ń dárúkọ Wenger láàárín àwọn olórin, akéwì àti ayàwòrán tí wọ́n fi iṣẹ́ wọn gbèjà ìṣẹ̀dá. Ohun tí ó mú tirẹ̀ yàtọ̀ ni pé kì í ṣe àwòrán igi lórí bébà nìkan ni ó yà. Inú igbó gan-an ni ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ sí, tí ọnà fi di ẹ̀ṣọ́ fún igi.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Ìlú Graz ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Austria ni wọ́n bí i sí. Láti kékeré ni ó ti fẹ́ràn àtimáa rìn nínú igbó àti lórí òkè tí ó yí ìlú náà ká. Ó kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Graz, lẹ́yìn náà ni ó lọ sí Vienna, olú ìlú Austria, tí ó sì tẹ̀síwájú nínú ẹ̀kọ́ àwòrán ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún iṣẹ́ ọnà níbẹ̀.

Ní àsìkò Ogun Àgbáyé Kejì, ó fi pẹ́ńsù aláwọ̀ ya ọ̀pọ̀ àwòrán tí ó dà bí ohun tí ènìyàn rí lójú àlá. Nínú wọn, ẹranko, ewéko àti ènìyàn a máa wọnú ara wọn. Lẹ́yìn ogun, ó wà lára àwọn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà tí a ń pè ní Art Club sílẹ̀ ní Vienna ní ọdún 1947. Nítorí náà, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ nígbà tí ó dé ilẹ̀ Áfíríkà. Ayàwòrán tí ó ti ní orúkọ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni.

Bí ó ṣe dé ilẹ̀ Yorùbá

Ìlú Paris ni Wenger ti pàdé Ulli Beier, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 1949. Beier rí iṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Ìbàdàn, àwọn méjèèjì ṣe ìgbéyàwó, wọ́n sì jọ wá sí Nàìjíríà. Kò pẹ́ tí wọ́n dé ni ikọ́ ife dá Wenger dùbúlẹ̀. Àìsàn náà le púpọ̀, ó sì pẹ́ kí ó tó gbádùn.

Láti Ìbàdàn, wọ́n lọ gbé ní Ẹdẹ. Níbẹ̀ ni Wenger ti mọ Àjàgẹmọ, àwòrò Ọbàtálá, ẹni tí ó di olùkọ́ rẹ̀ nínú ẹ̀sìn òrìṣà. Wenger kò gbọ́ Yorùbá dáadáa nígbà náà, Àjàgẹmọ náà kò sì gbọ́ èdè rẹ̀, síbẹ̀ òye ara wọn yé wọn. Wọ́n wọ̀ ọ́ sínú awo Ọbàtálá, orúkọ rẹ̀ sì di Àdùnní. Lẹ́yìn Ẹdẹ, ó gbé ní Ìlobùú, kí ó tó wá tẹ̀dó sí Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1958. Nígbà tí òun àti Beier pínyà, ó fẹ́ Ayánṣọlá Oníru, tí í ṣe onílù, ní ọdún 1959. Kò fi Òṣogbo sílẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Ilé alájà rẹ̀ ní ojú ọ̀nà Ìbòkun di ibi tí àwọn ọmọ tí ó gbà tọ́, àwọn olórìṣà àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ń wọ̀ tí wọ́n ń jáde.

Odò Ọ̀ṣun àti ìlẹ̀kẹ̀lẹ̀ igbó rẹ̀

Kí ìtumọ̀ iṣẹ́ Wenger tó lè yé ènìyàn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ odò tí igbó náà ń ṣọ́. Odò Ọ̀ṣun kò bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo. Ilẹ̀ olókè ti Èkìtì ni orísun rẹ̀ wà, ní Ìgèdè-Èkìtì. Ẹni tí ó bá gbéra ní àdúgbò Fájuyì ní Adó-Èkìtì, tí ó gba ọ̀nà Ìyìn tí ó lọ sí Aramọkọ, yóò kan Ìgèdè kí ọ̀nà rẹ̀ tó jìn. Àwọn ará Ìgèdè náà ní ojúbọ Ọ̀ṣun, wọ́n sì ń ṣe ọdún Ọ̀ṣun tiwọn. Láti ibẹ̀ ni omi náà ti ń ṣàn gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kí ó tó dé Òṣogbo, lẹ́yìn náà ni ó yí sí gúúsù títí ó fi wọ inú ọ̀sà lẹ́bàá òkun.

Ìtàn ìtẹ̀dó Òṣogbo fi hàn pé àdéhùn láàárín ènìyàn àti igbó ni ìlú náà dúró lé. Ìtàn sọ pé Lárọ̀óyè àti ọdẹ kan tí ń jẹ́ Olútìmẹ́hìn kó àwọn ènìyàn wọn kúrò ní Ìpólé nítorí ọ̀dá omi. Nígbà tí wọ́n dé etí odò Ọ̀ṣun, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi láti fi ṣe ibùgbé. Igi kan wó sínú odò, ohùn kan sì ké jáde láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Wọ́n bẹ̀bẹ̀, Ọ̀ṣun sì gbà láti dáàbò bo wọ́n, ṣùgbọ́n wọn yóò kúrò létí omi lọ sí orí ilẹ̀ gíga, wọn yóò sì máa bọ ọ́ lọ́dọọdún. Láti ìgbà náà ni a ti fi igbó etí odò sílẹ̀ fún òrìṣà. Èèwọ̀ ni láti gé igi, láti dẹ ọdẹ tàbí láti pẹja níbẹ̀.

Bí a bá wo ìtàn yìí dáadáa, a ó rí i pé òfin ìdáàbòbò àyíká ni a fi ìtàn òrìṣà gbé kalẹ̀. Igbó etí odò ni kì í jẹ́ kí àgbàrá wọ́ ilẹ̀ lọ. Òun ni ó ń fún ẹja ní ibòji, òun náà ni kì í jẹ́ kí odò tètè gbẹ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn baba ńlá wa kò fi èdè àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣọ́.

Igbó tí ó wà nínú ewu

Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá ni ó ní igbó òrìṣà tirẹ̀ lẹ́yìn odi. Púpọ̀ nínú wọn ti pòórá lónìí tàbí kí wọ́n ti kéré jọjọ. Igbó Ọ̀ṣun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wọn lọ. Nígbà ìjọba amúnisìn, ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ti igbó gba apá kan níbẹ̀. Wọ́n gé igi, wọ́n sì gbin nǹkan oko sí ojú ilẹ̀ tí igi àbáláyé wà tẹ́lẹ̀. Àwọn ọdẹ àti apẹja wọ inú igbó láìbẹ̀rù èèwọ̀. Àwọn kan jí ère kó lọ tà. Àwọn ojúbọ tí a fi amọ̀ mọ bẹ̀rẹ̀ sí í wó, ikán sì jẹ òpó wọn.

Ohun tí ó fà á kò ṣòro láti rí. Èèwọ̀ ni ó ń ṣọ́ igbó, ìgbàgbọ́ ni ó sì ń ṣọ́ èèwọ̀. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù àti ti Kírísítì, agbára èèwọ̀ dínkù, kò sì sí òfin ìjọba tí ó rọ́pò rẹ̀. Igbó tí kò ní olùṣọ́ di ilẹ̀ lásán lójú ẹni tí ń wá oko àti ẹni tí ń wá igi gẹdú.

Bí iṣẹ́ ọnà ṣe di odi

Ìgbà tí àwọn àwòrò Ọ̀ṣun rí i pé ojúbọ ń wó ni wọ́n ké sí Wenger pé kí ó bá wọn tún un ṣe. Òun nìkan kọ́ ni ó ṣe é. Ó pe àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú mọ́ra: bíríkìlà, agbẹ́gilére àti àwọn tí wọ́n mọ bí a ti ń fi amọ̀ mọ ilé. Lára wọn ni Adébísí Àkànjí, tí iṣẹ́ bíríkìlà jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí ó tó di ọ̀gá nínú ère oní-sìmẹ́ńtì. Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí gbẹ́ ère òkúta. Kàsálì Àkàngbé sì gbẹ́ òpó àti ère igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú àti ọrùn wọn gùn. Orúkọ tí wọ́n fún ẹgbẹ́ náà ni Ọnà Mímọ́ Tuntun.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe da ẹgbẹ́ yìí pọ̀ mọ́ àwọn ayàwòrán Òṣogbo mìíràn bí i Twins Seven-Seven, Jimoh Buraimoh àti Muraina Oyelami. Àwọn wọ̀nyí jáde láti inú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Ulli Beier, Georgina Beier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ní Ḿbárí Ḿbáyọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1960. Iṣẹ́ tiwọn jẹ́ fún títà àti àfihàn, nígbà tí iṣẹ́ ẹgbẹ́ Wenger jẹ́ fún ojúbọ àti igbó.

Irin, amọ̀ àti sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi mọ àwọn ère ńlá náà. Àwọn kan ga ju ilé lọ. Wọn kò gé igi láti wá àyè fún ère. Ibi tí igi bá ti fi àyè sílẹ̀ ni ère ń dúró sí, bí ògiri bá sì kan igi, ògiri ni ó ń yà. Ògiri tí wọ́n mọ yí igbó ká ní ère àti ọnà lára. Ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ náà kún fún ọnà, tí ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ kò fi ní ṣiyèméjì pé ilẹ̀ ọlọ́wọ̀ ni òun fẹ́ wọ̀. Nínú igbó, a rí ojúbọ Ìyá Mọ̀ọ́pó, Ọbàtálá, Alájere àti ti àwọn mìíràn.

Ọ̀nà mẹ́ta ni iṣẹ́ ọnà yìí gbà dáàbò bo igbó. Èkíní, ó fi ààlà hàn: ohun tí ojú kò rí tẹ́lẹ̀, tí ọkàn nìkan mọ̀, di ògiri tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ kàn. Èkejì, ó dá ìbẹ̀rù àti ọ̀wọ̀ padà, nítorí ẹni tí kò gba òrìṣà gbọ́ pàápàá a máa lọ́ra láti gbé àáké sí ibi tí ère ńlá ti ń wò ó. Ẹ̀kẹta, ó fún ìjọba ní ohun tí òfin lè dì mú. Ní àkókò náà, ó rọrùn fún òfin Nàìjíríà láti dáàbò bo ère àti ilé àtijọ́ ju kí ó dáàbò bo igi lọ. Nígbà tí ère àti igi ti di ọ̀kan, ẹni tí ó dáàbò bo ère ti dáàbò bo igi pẹ̀lú.

Àwòrán àti aṣọ rẹ̀

Yàtọ̀ sí ère, Wenger kò dẹ́kun àwòrán yíyà. Ó fi ọ̀dà ya àwòrán ńláńlá tí òrìṣà, ẹyẹ, igi àti omi kún inú wọn, ó sì ya ọnà sí ẹ̀yìn ìwé ìròyìn lítíréṣọ̀ Black Orpheus, tí Beier dá sílẹ̀ ní ọdún 1957.

Ó tún kọ́ iṣẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ lọ́dọ̀ àwọn obìnrin Yorùbá. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sórí aṣọ funfun, a ó jẹ́ kí ó gbẹ, a ó sì rẹ aṣọ náà sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ wà kò ní gba aró, nígbà tí a bá sì họ ẹ̀kọ kúrò ni ọnà yóò hàn. Wenger fi ọ̀nà yìí sọ ìtàn òrìṣà lórí aṣọ tí ó gbòòrò bí ògiri. Ìbáṣepọ̀ kan wà níbí tí kò yẹ kí ó fò wá: aró ni Ọ̀ṣun ń rẹ nínú ìtàn ìtẹ̀dó, aró náà sì ni ayàwòrán yìí fi ń ya òrìṣà.

Igbó náà lábẹ́ òfin

Ní ọdún 1965, ìjọba Nàìjíríà kéde apá kan nínú igbó náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1992, wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí i títí ó fi kárí gbogbo hẹ́kítà 75 tí igbó náà jẹ́. Ní oṣù Keje ọdún 2005, UNESCO fi Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo kún àwọn Ogún Àgbáyé. Òun ni ìkejì ní Nàìjíríà, lẹ́yìn Sukur ní ìpínlẹ̀ Adamawa tí ó wọlé ní ọdún 1999. Àjọ tí ń bójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí ní Nàìjíríà ni ìṣàkóso rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú Àtáọ́ja ti Òṣogbo àti àwọn àwòrò.

Nígbà tí wọ́n ń kọ orúkọ igbó náà sílẹ̀, wọ́n ka ojúbọ 40 àti ààfin méjì mọ́ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Irú ewéko tí ó lé ní 400 ni àwọn onímọ̀ ti rí níbẹ̀, àwọn oníṣègùn sì ń lo èyí tí ó ju ìdajì wọn lọ. Àwọn ọ̀bọ ń fò láti orí igi kan sí èkejì láìsí ẹni tí ń yìnbọn sí wọn. Ní oṣù Kẹjọ ọdọọdún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn láti Nàìjíríà, Bùràsíl, Kúbà àti ibòmíràn ń péjọ fún ọdún Ọ̀ṣun, nígbà tí arugbá bá ru igbá lọ sí etí odò.

Àríyànjiyàn lórí iṣẹ́ rẹ̀

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó gba iṣẹ́ Wenger tọwọ́tẹsẹ̀. Àwọn kan bèèrè pé kí ni ó kan òyìnbó nínú ọ̀rọ̀ òrìṣà. Àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn rí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń jí ohun tí ó yẹ kí ó ti kú dìde. Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọnà kan náà sọ pé àwọn ère ńlá náà kò jọ ère Yorùbá àtijọ́, pé èrò ọkàn Wenger ni ó pọ̀ nínú wọn ju àṣà lọ.

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí, nítorí àwọn oníṣẹ́ ọ̀hún kò fi ojú àtijọ́ ṣe ẹ̀dà. Wenger kò sì pe iṣẹ́ náà ní ti àtijọ́. Ohun tí a lè fi dáhùn ni pé ojúbọ Yorùbá kò fi ìgbà kan jẹ́ ohun tí kì í yí padà. Amọ̀ a máa wó, a ó sì tún un mọ. Igi ère a máa jẹrà, a ó sì gbẹ́ òmíràn. Ọwọ́ tí ó mọ ọ́n ní ìgbà kọ̀ọ̀kan ni ó ń fi àmì tirẹ̀ sílẹ̀. Bákan náà, àwọn àwòrò ni wọ́n pe Wenger, ọmọ Òṣogbo sì ni púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ náà. Bí a bá gbé gbogbo ògo fún Wenger nìkan, a fi ẹ̀tọ́ Àkànjí, Gbàdàmọ́sí, Àkàngbé àti àwọn yòókù dù wọ́n.

Ohun tí ère kò lè dá dúró

Lẹ́yìn ikú Wenger, ìṣòro méjì ni ó kù nílẹ̀. Èkíní ni pé àwọn ère ń gbó. Òjò, egbò igi àti ìpata irin inú sìmẹ́ńtì ń jẹ wọ́n, àtúnṣe wọn sì ń béèrè owó àti ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́. Àwọn tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́ àti àwọn tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn wọn ni wọ́n ń tún wọn ṣe, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́ Adunni Olorisha Trust.

Èkejì le ju èyí lọ. A lè mọ ògiri yí igbó ká, ṣùgbọ́n a kò lè mọ ògiri yí odò ká. Ní ọdún àìpẹ́ yìí, omi Ọ̀ṣun tí ń gba Òṣogbo kọjá ti yí padà, ó pọ́n bí omi ẹrẹ̀. Àwọn tí ń wa wúrà láìgbàṣẹ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, níbi tí odò ti ń ṣàn bọ̀, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí olórí ohun tí ó fà á. Ní ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn tí wọ́n wá ṣe ọdún pé kí wọ́n má ṣe mu omi odò náà. Èyí dun àwọn olùjọ́sìn púpọ̀, nítorí omi Ọ̀ṣun ni wọ́n ń mu fún ìwòsàn àti fún ọmọ bíbí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Èkìtì pẹ̀lú. Igi tí a bá gé ní orísun odò ní Ìgèdè, pàǹtírí tí a bá dà sí i, àti ẹ̀tù tàbí oògùn oko tí àgbàrá bá gbé wọ inú rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní láti orí ni ẹja ti ń rà. Igbó tí Wenger àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá sí ní Òṣogbo kò lè fọ omi tí a ti bà jẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ikú àti ìrántí rẹ̀

Wenger kú ní Òṣogbo ní ọjọ́ 12 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009, ní ẹni ọdún 93. Àwọn olórìṣà ṣe ètò ìsìnkú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Austria pẹ̀lú, níbi tí ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ń tọ́jú àwòrán àti aṣọ rẹ̀ ní ìlú Krems. Èyí tí ó tóbi jù lọ nínú iṣẹ́ náà kò ṣeé gbé lọ sí ibòmíràn, nítorí igi, omi àti ère ni a kò lè yà kúrò lára ara wọn ní etí odò Ọ̀ṣun.